Ta Ló Ń Lé Àparò Kúrò Lóko Wa?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé ìmúra ọdún ìbílẹ̀, ní Cotonou

Ẹ̀yin tí ẹ wọ mọ́tò láti Savè, ẹ kú ìrìn, nítorí nǹkan bí 250 kìlómítà kì í ṣe ọ̀nà kékeré.

Alága wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹran ìgbẹ́ tí a fi ń ṣe ọdún. Mo rò pé owó rẹ̀ ló fẹ́ kí n sọ, torí pé owó ni gbogbo ìpàdé wa máa ń já sí. N kò ní sọ̀rọ̀ owó lónìí. Ẹyẹ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, àparò, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé láàárín wa ń pè ní perdrix tàbí francolin.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún tó pé, àwọn ọdẹ ìlú mi jáde lọ sígbó bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ọkùnrin mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò. Àparò mẹ́rin, ọ̀yà méjì àti ehoro kan ni wọ́n gbé dé. Ẹtù kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹtù ẹlẹ́yẹ ni mò ń wí o, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní awó, kì í ṣe ẹtu ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi nìkan ṣoṣo, pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, a máa mú àparò márùn-ún tàbí mẹ́fà bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, a sì máa ráhùn pé ọwọ́ òun kò mọ́ tó tẹ́lẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí ìjà ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn àgbà ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun alùpùpù, tó ń fi iná tọ́ọ̀ṣì dẹ ìgbẹ́ lóru, ni wọ́n pa ẹran tán. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn àgbà kò ṣe ètùtù bó ti yẹ mọ́. Ẹnì kan ní òjò ni. Àwọn darandaran náà gba ìpín tiwọn nínú ẹ̀bi, torí pé wọn kò sí níbẹ̀ láti fèsì. Mo jókòó, mo ń gbọ́, n kò sọ nǹkan kan. Ohun tí n kò lè sọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo wá sọ lónìí. Gbogbo wọn ló mú díẹ̀ nínú òtítọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ló kọ́kọ́ ń pa àparò wa tán. Ọmọ rẹ̀ ni kì í dàgbà mọ́. Àwa fúnra wa, àti àgbẹ̀ àti ọdẹ, sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ló la ojú mi sí i. Ó ní lọ́dọ̀ wọn, kí àkókò ìdẹ tó ṣí, àwọn ọdẹ á ti máa bi ara wọn pé, báwo ni òjò oṣù Kẹfà ti rí? Bí òjò àti òtútù bá pọ̀ nígbà tí faisan àti perdrix ń pamọ, wọ́n ti mọ̀ pé ẹran kò ní pọ̀ lọ́dún náà. Ó wá bi mí pé, “Bàbá, òjò wo ni ẹ̀yin ń wò?” Èmi ọmọ ọdẹ, èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní ilé ìwé, n kò rí èsì fún un.

Faisan kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá, ènìyàn ló kó o dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, èyí tí wọ́n ń sìn tí wọ́n sì ń tú sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ lọ́dọọdún ju 30 mílíọ̀nù lọ. Bàbá mi ìbá rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́ pé ọdẹ kan ń sin ẹran kó tó yìnbọn fún un. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Àparò, faisan àti adìẹ àgbàlá, ìdílé kan náà ni wọ́n, ẹtù sì súnmọ́ wọn. Orí ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń yé sí. Ọmọ wọn ń rìn lọ́jọ́ tó bá jáde nínú ẹyin, ó sì ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó ń pa ọmọ faisan lọ́hùn-ún kò jìnnà sí ohun tó ń pa ọmọ àparò níhìn-ín.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ìwà ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi ń bá wí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn mọ ẹyẹ náà dáadáa. Ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, akọ àparò a máa gun orí ebè tàbí òkìtì ọ̀gán, a máa ké, ohùn rẹ̀ á dà bí ayùn tó ń ya igi gbígbẹ. Ó ń sọ fún akọ yòókù pé, ibí ni ilé mi. Ẹ tún wo ohun kejì tó wà nínú òwe náà: ebè ni ó gùn, kì í ṣe ìrókò. Ẹyẹ oko ni àparò, kì í ṣe ẹyẹ igbó dúdú. Ibi tí oko, koríko àti igi kéékèèké wà pọ̀ ló ń fẹ́, kí ó lè jẹun níbì kan, kí ó sì rí ibi sá sí nítòsí.

Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ wa fi bá a mu láti ìgbà pípẹ́. Igbó ńlá tó wà ní Ghana, tó tún wà ní Nàìjíríà, já ní ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀dàn ló sọ̀kalẹ̀ wá láàárín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní sillon dahoméen. Àwọn baba ńlá wa tó jẹ́ ọdẹ kò mọ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí ẹran pọ̀ sí.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ òjò. Ní Pobè àti Sakété, ẹ mọ̀ pé òjò ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ńlá láti oṣù Kẹrin sí Keje, kékeré láti oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá. Ní Parakou, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Savè wà ní ibi tí méjèèjì ti pàdé: lọ́dún kan òjò rẹ̀ á pín sí méjì, lọ́dún mìíràn á so pọ̀ mọ́ra, gbogbo rẹ̀ á sì máa tó nǹkan bí 1,100 mílímítà. Abo àparò a máa há ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ koríko, á kó ewé gbígbẹ sí i, á yé ẹyin márùn-ún sí méje. Lọ́dọ̀ wa, púpọ̀ nínú wọn ń yé nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ títí wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sì sàba fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹtù ní tirẹ̀ ń yé nínú òjò gan-an, ẹyin rẹ̀ lè ju mẹ́wàá lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń sàba.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Ọmọ àparò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í jẹ ọkà. Kòkòrò ló ń jẹ: ikán, èèrà, tata kéékèèké, ìdin. Bí kò bá rí kòkòrò tó ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìyẹ́ rẹ̀ kò ní tètè hù. Bí ìyẹ́ kò bá hù, kò lè fò. Bí kò bá lè fò, ti ejò àti ti àwòdì ni. Ara rẹ̀ kò sì tíì lè pa ooru mọ́ fúnra rẹ̀. Bí òjò bá pa á, tó tutù, tí ìyá rẹ̀ kò sì ráyè fi apá bò ó, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a.

Nítorí náà, ọdún tó dára fún àparò ni ọdún tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lásìkò, tó rọ̀ tó kí koríko àti kòkòrò lè pọ̀, tó sì dáwọ́ dúró nígbà tó yẹ. Bí òjò bá pẹ́ kó tó dé, tó wá ń ya lulẹ̀ nígbà tí ẹyin ti wà nílẹ̀, ọdẹ lè ti mọ̀ láti oṣù Kọkànlá pé ẹ̀ẹ̀rùn náà kò ní lérè. Ẹ rántí ọdún 2010, tí omi Ouémé kún bo oko àti ilé. Ìtẹ́ wo ni ìbá kù ní etí odò lọ́dún yẹn? Ọ̀dá náà ní ewu tirẹ̀. Ẹ̀yin tí orí yín ti funfun bíi tèmi rántí ọdún 1983, ọdún tí àwọn ènìyàn wa ń ti Nàìjíríà dé pẹ̀lú ẹrù lórí, tí wọ́n bá ilé láìsí oúnjẹ. Koríko gbẹ, iná sì jó ohun tó gbẹ.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kì í ṣe ọ̀tá àparò. Ó ti ń bá òjò àti ọ̀dá gbé kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Kétou dó. Bí ọdún búburú kan bá kọjá, ọdún rere méjì tó bá tẹ̀ lé e á tún un ṣe, torí ẹyẹ tó ń yé ẹyin mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan lè tètè kún padà. Ohun tó yí padà ni ilẹ̀ tí òjò náà ń rọ̀ sí.

Láti Savè dé Tchaourou, láti Glazoué dé Bantè, oko kajú ti gba ibi tó jẹ́ ọ̀dàn tẹ́lẹ̀. N kò bú kajú o, kajú ló kan páànù sórí ilé mi. Ṣùgbọ́n abẹ́ kajú tó ti dàgbà ṣókùnkùn, koríko kì í hù níbẹ̀, ibi tí koríko kò sí, àparò kò ní ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Èédú àti pákó ti kó igi ìyókù lọ sí Cotonou, àwa tó wà níbí la sì ń fi dáná.

Iná ìgbẹ́ ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí iná jẹ́ ọ̀rọ̀ àwa ọdẹ. Kí la ń fi iná ṣe? A fẹ́ kí ọ̀yà jáde. A dáná sí koríko ní oṣù Kejì tàbí Kẹta, a fi ajá àti kùmọ̀ dúró níwájú. Ọ̀yà méjì jáde, inú wa dùn. Ẹ gbójú sókè lọ́jọ́ yẹn, ẹ ó rí àwòdì tó ń fò yí èéfín ká. Ẹ rò pé eré ló bá wá? Àwọn ọmọ ẹyẹ àti tata tó ń sá fún iná ló ń ṣà jẹ. Iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí ọyẹ́ ti gbẹ ohun gbogbo, kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó ń gun igi, ó ń jó gbòǹgbò. Àparò tó bá yè nínú rẹ̀ á dúró lórí ilẹ̀ dúdú bí ẹni tó wà ní ìhòòhò, ìbọn ọmọdé pàápàá lè bá a.

Iná oṣù Kọkànlá kò rí bẹ́ẹ̀. Koríko ṣì tutù díẹ̀, ìrì ṣì ń sẹ̀. Iná náà á jó níhìn-ín, á kú lọ́hùn-ún, á fi koríko sílẹ̀ ní àfojúrí bí aṣọ tí a lẹ̀. Ní ọgbà ẹranko Pendjari, àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà náà ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn dáná ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kí iná ìparí má bàa rí ohun jó. Olórí ọdẹ kan ti bi mí pé, “Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní àparò ń yé lẹ́yìn òjò. Iná oṣù Kọkànlá kò ha ní jó ẹyin?” Yóò jó díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má jó gbogbo rẹ̀. Kí a jó ìdá kan, kí a fi ìdá kan sílẹ̀, kí a sì pààrọ̀ wọn lọ́dún kejì. Abo tí ẹyin rẹ̀ bá jóná ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣì lè rí koríko tún ìtẹ́ mìíràn ṣe. Èyí tí iná oṣù Kejì bá kó ọmọ rẹ̀, abẹ́ kí ni yóò tún yé sí?

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ló kàn. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo padà sí oko bàbá mi ní ọ̀nà odò Ọ̀kpárá, mo gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí, àwọn ọmọ sì wà ní Cotonou níbí. Mo ra oògùn apakoríko lọ́jà, mo fọ́n ọn. Mo fọ́n etí oko, mo fọ́n ẹ̀bá ọ̀nà, mo fọ́n ìdí òkìtì ọ̀gán tí akọ àparò máa ń gùn. Oko náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò wá wò ó. Lọ́dún kẹta, mo jí láàárọ̀, mo gbọ́ àkùkọ, mo gbọ́ àdàbà, n kò gbọ́ àparò. Mo kọ́kọ́ rò pé oògùn náà pa á. Kò dájú pé ó pa àparò kankan. Èpò ló pa. Èpò ni kòkòrò ń jẹ, kòkòrò sì ni ọmọ àparò ń jẹ.

Ẹ má rò pé èrò arúgbó kan lásán nìyẹn. Ní Sussex, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Dick Potts àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka èpò àti kòkòrò inú oko ọkà láti ọdún 1970, wọ́n sì ń kà á lọ́dọọdún. Perdrix ilẹ̀ wọn, tó jẹ́ ẹyẹ oko bíi ti wa, ti dínkù níbẹ̀ ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Òjò àti òtútù ń pa ọmọ rẹ̀ lọ́dún kan, ó sì ń yè lọ́dún mìíràn, bó ti wà láti ìgbà àwọn baba wọn. Ohun tó ba nǹkan jẹ́ pátápátá ni oògùn apakoríko tó mú kòkòrò tán nínú oko. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ fi etí oko díẹ̀ sílẹ̀ láìfọ́n oògùn, ìwọ̀n mítà mẹ́fà péré, ọmọ perdrix tó ń dàgbà pọ̀ sí i. Mítà mẹ́fà! Ọ̀nà tí à ń gbà wọ oko fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Oògùn kòkòrò tí a ń fọ́n sí òwú tún le ju èyí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti òkè kò lè gbàgbé ọdún 1999, tí endosulfan pa ènìyàn ní Borgou. Àgbáyé ti fi oògùn náà sínú àwọn tí a kọ̀ sílẹ̀ láti ọdún 2011. Ohun tó lè pa ọkùnrin tó gbọnngbọn, kí ni yóò ṣẹ́kù lára ọmọ ẹyẹ tí kò tó àtàǹpàkò mi?

Ẹ̀yin aṣojú ìjọba, ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú yín kò gùn. Òfin wà. Òfin igbó ti 2 oṣù Keje 1993 kò fi ọ̀rọ̀ iná ìgbẹ́ sílẹ̀ láìsọ, òfin ẹranko ìgbẹ́ ti 18 oṣù Kẹwàá 2004 sì sọ̀rọ̀ ìdẹ. Mo ti kà á, Faransé rẹ̀ le fún èmi tíṣà. Ọdẹ tí kò lọ sílé ìwé, ọjọ́ tí forestier bá mú un ni yóò tó gbọ́ pé òfin wà. Ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ èyí tó kan iná àti ìdẹ sí Yorùbá, kí a kà á lórí rédíò àti lọ́jà. Kí mairie kọ̀ọ̀kan pe àwọn olórí ọdẹ, àwọn àgbẹ̀ kajú àti àwọn darandaran jọ nínú oṣù Kẹwàá, kí oòrùn tó gbẹ koríko, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí a ó jó àti ibi tí a kò ní jó. Ẹgbẹ́ wa ti ṣetán láti fowó sí ìpàdé náà. Akápò ń wò mí, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ ná.

Ẹ̀yin ọdẹ, ohun kan wà tí ẹ lè ṣe láìsí owó. Ẹ wo ẹsẹ̀ àparò kí ẹ tó tu ìyẹ́ rẹ̀. Akọ tó ti dàgbà ní ẹ̀gún méjì lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gùn, wọ́n sì le. Ti ọ̀dọ́ kúrú, orí rẹ̀ kò mú. Bí ọ̀dọ́ bá pọ̀ nínú èyí tí ẹ pa, ìbímọ ọdún náà dára, ẹ lè tún padà lọ. Bó bá jẹ́ arúgbó nìkan lẹ rí, òbí ni ẹ ń pa láìsí ọmọ tí yóò rọ́pò rẹ̀. Mẹ́rin tí wọ́n gbé dé lọ́dún tó kọjá, mo wo ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ igi máńgòrò náà nígbà tí àwọn yòókù ń jà. Akọ mẹ́ta, abo kan. Àwọn akọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti gbó. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju kíkéré tí iye wọn kéré lọ.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan tí mo mọ̀ pé kò ní dùn létí gbogbo ènìyàn. Fún ọdún méjì, kí a yọ àparò kúrò nínú ẹran tí ọdẹ ń pa fún ọdún wa. Kí ọdẹ jáde bó ti yẹ, kí ó yin ìbọn rẹ̀, kí ó mú ọ̀yà bọ̀ bí ó bá rí i. Ẹtù tí a ó jẹ, kí a rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín ní Borgou, ẹran rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ó sì dùn. Mo bi bàbá mi nígbà kan bóyá dandan ni àparò nínú ohun tí a ń gbé fún Ògún. Ó ní ohun tí ọdẹ bá mú bọ̀ ni Ògún ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà lẹ ni àṣẹ, èmi kò lè dá a sọ.

Ohun tó kù ni ìwé kékeré kan tí mo rà. Ẹni tó bá ní oko, kí ó dúró sí ojú kan náà láàárọ̀ kan lọ́sẹ̀ kí oòrùn tó yọ, kí ó ka iye akọ àparò tó ké, kí ó kọ ọjọ́, ibi àti iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Tí ọdún bá yí po, a ó mọ ibi tó kù sí, a ó sì ní ohun tí a lè gbé síwájú mairie ju ariwo abẹ́ igi máńgòrò lọ. Ó di ọdún méjì báyìí tí mo ti fi etí oko mi sílẹ̀ láìfọ́n oògùn. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo kọ tèmi sí: ọ̀nà Ọ̀kpárá, akọ kan, lórí òkìtì ọ̀gán. Ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa lẹ́nu ọ̀nà.